Ọwọ́ Bàbá Ràṣídì Lára Amẹ́ríkà

Nígbà ayé bàbá mi àgbà, ẹni tó bá wá wọn wá sílé wa ní Ṣakí, tó bá bá Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà, ìdáhùn kan ṣoṣo ló máa gbọ́: "Wọ́n wà ní Amẹ́ríkà." Àlejò tí kò mọ ilé á yanu sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìgbà tí wọ́n lọ àti ìgbà tí wọ́n ń bọ̀. Ìyá Àgbà á kàn na ọwọ́ sí abà onípáànù tó wà lẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ ni mọ́tò dúdú gígùn kan wà, tí òyìnbó Amẹ́ríkà ṣe kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú àwa tí a ń gbé inú ilé náà. Orúkọ tí Bàbá ń pè é náà nìyẹn, Amẹ́ríkà, inú abà yẹn ni wọ́n sì ń wà láti ìgbà tí wọ́n bá kírun àárọ̀ tán títí oòrùn á fi mú.

Bàbá ti lọ báyìí. Ọjọ́ kejìdínlógójì rèé tí a sin wọ́n. Ní ọ̀túnla, lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, àwọn olówó kan tí wọ́n ń kó mọ́tò àtijọ́ jọ ní Èkó máa wá gbé Amẹ́ríkà. Wọ́n ní àwọn á sọ ọ́ di bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kúrò nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Gbogbo ohun tí Bàbá fi ọwọ́ ara wọn ṣe sí i, títí kan sípóòkù onígi, àwọn ọ̀pá tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ró, ni wọ́n máa yọ dànù, wọ́n á fi ti òyìnbó rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Bọ̀dá Ràṣídì, tí wọ́n jẹ́ àkọ́bí Bàbá, ti gbà fún wọn. Èmi ò gbà. Ọmọ ọmọ ni mí, obìnrin sì ni mí, ohùn mi kò fi bẹ́ẹ̀ rinlẹ̀ nínú ìpàdé ẹbí, ṣùgbọ́n mo mọ̀wé kọ. Torí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ irú ẹni tí bàbá yìí jẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ akẹ́rù wọn tó dé.

Bí mọ́tò náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa kò lọ́jú pọ̀ rárá. Òyìnbó kan tó ń ra tábà káàkiri Òkè-Ògùn ló gbé e wá, bàbá tó bí bàbá mi àgbà sì ni dírẹ́bà rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó ń padà sílé, mọ́tò ti darúgbó, ó sì fi í sílẹ̀ fún dírẹ́bà. Àwọn ọlọ́rọ̀ ni wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ fún nígbà náà. Awọ ni wọ́n fi ṣe ìjókòó rẹ̀, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì tóbi bí igbá, àtẹ̀gùn gígùn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì tí èèyàn máa tẹ̀ kó tó wọlé. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá sílé tipẹ́tipẹ́. Mẹkáníìkì lọ́rì ni Bàbá, ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ilé nìyẹn, ṣùgbọ́n lọ́rì kò wọ inú abà yẹn rí.

Bí ìgbéyàwó bá ń bọ̀ nílùú, wọ́n á wá tọrọ Amẹ́ríkà láti fi gbé ìyàwó. Bàbá kì í kọ̀, wọn kì í sì í gba ohunkóhun. Ohun kan ni wọ́n ń béèrè: kí ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ wá yí ẹ́ńjìnnì náà níwájú àwọn àna rẹ̀. Irin kan wà tí wọ́n ń kì bọ iwájú mọ́tò láti fi yí i, bí wọ́n ṣe ń yí ẹ̀rọ ìlọta àtijọ́. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó yẹ kó gbé àtàǹpàkò sí, irin yẹn lè ta padà kó kán an lọ́wọ́, nítorí náà Bàbá á kọ́kọ́ fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ọkọ ìyàwó. Mo rántí ọ̀kan, ọmọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, tó wọ agbádá funfun báláú, tó yí irin títí òógùn fi bò ó lójú, tí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ń fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Àna rẹ̀ ọkùnrin bẹ Bàbá pé kí wọ́n bá ọmọ ọlọ́mọ yí i. Bàbá ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Òun ló fẹ́ gbé ọmọ yín lọ."

Bàbá kò ka ìwé òyìnbó. Kéú ni wọ́n kà, wọ́n sì kà á jinlẹ̀. Ẹni tó ń bá wọn wá ìwé ni Tíṣà, ọ̀rẹ́ wọn àtọdúnmọ́dún, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ Tíṣà kan wà lókè òkun tó máa ń fi ìwé àtijọ́ nípa mọ́tò ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní Ìsẹ́yìn. Tó bá ti di Sátidé, màá wọ mọ́tò wá sí Ṣakí, àwa mẹ́ta á tẹ́ ẹní sínú abà, màá máa kà, màá máa túmọ̀, àwọn méjèèjì á máa jà.

Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kí mọ́tò oníbẹtiróòlù tó borí ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní èyí tó ń fi ooru omi gbígbóná rìn, wọ́n sì ní èyí tó ń fi bátìrì rìn. Ìwé náà ní àwọn obìnrin olówó ìgbà náà fẹ́ràn oníbátìrì, torí pé kò ní irin yíyí, kì í rùn, kì í sì í pariwo. Tíṣà ní ohun tí òun ti ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn, pé iṣẹ́ ọkùnrin ni mọ́tò oníbẹtiróòlù. Bàbá bi í pé ta ló ń gún iyán nílé rẹ̀. Tíṣà ní ìyàwó òun ni. Bàbá ní ta ló ń la igi ìdáná. Tíṣà wolẹ̀, ó ní ìyàwó òun náà ni. Bàbá yíjú sí mi: "Rùká, dìde, lọ yí Amẹ́ríkà kí Tíṣà gbóhùn rẹ̀."

Ìjà tí wọ́n jà pẹ́ jù ni ti ẹni tó kọ́kọ́ ṣe mọ́tò lọ́hùn-ún. Olùkọ́ ni Tíṣà, orúkọ kan ṣoṣo ló fẹ́, kó lè fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ìwé kan dárúkọ ẹnì kan, èkejì dárúkọ ẹlòmíì, inú ń bí i. Bàbá ní kí n fi orúkọ sílẹ̀, kí n ka iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́tò. Mo kà á. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tún ṣe, àwọn kan ń kan kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, àwọn mìíràn ń rọ irin iṣẹ́ oko. Bàbá dìde, wọ́n rìn yí mọ́tò náà ká, wọ́n ń wò ó bí ẹni pé òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Títí di ìgbà náà, wọn kì í fọwọ́ kan ohunkóhun lára rẹ̀ tó bá ti ju kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n sì dè é le lọ. Ẹ̀rù ọwọ́ òyìnbó ń bà wọ́n. Nígbà tí wọ́n yípo tán, wọ́n ní, "Irú àwọn alágbẹ̀dẹ Ogbooro ni gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ àwọn náà."

Bàbá ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe Amẹ́ríkà sí. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà kéú ni wọ́n fi ń kọ ọ́, láti ọwọ́ ọ̀tún wá sí òsì. Wọ́n kọ́ mi ní lẹ́tà yẹn nígbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, kí n lè máa bá wọn kà á. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, mo ní kí n ṣe ohun tó máa yà wọ́n lẹ́nu. Mo tú wáyà pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo nù wọ́n mọ́, mo wá ṣí ìwé láti wo bí iná ṣe ń tẹ̀ léra láti ọ̀kan sí èkejì. Mo ka ọ̀rọ̀ láti ọ̀tún bó ṣe yẹ. Nígbà tí mo dé ibi nọ́ńbà, mo kà á láti òsì bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo sì to wáyà tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ láti ọ̀tún ni Bàbá to nọ́ńbà náà. Bí mo ṣe yí irin, Amẹ́ríkà dún bí ìbọn ọdẹ, èéfín dúdú tú jáde, ewúrẹ́ já okùn, Ìyá Àgbà sì sáré jáde tòun ti orógùn lọ́wọ́.

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbáwí. Bàbá jáde, wọ́n wo wáyà, wọ́n wo ìwé, wọ́n wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn. Ìyá Àgbà ń bi wọ́n pé kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ fẹ́ dáná sun ilé. Wọ́n ní, "Rùká ti kírun tán, ó wá ń ṣe àlùwàlá."

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Olórí kunkun ni wọ́n, wọn kì í sì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ. Bọ̀dá Ràṣídì ló jẹ ìyà ìyẹn jù. Ní ọjọ́ wòlímọ̀ wọn, tí wọ́n ka Kùránì parí níwájú gbogbo àdúgbò, Bàbá ní àwọn fẹ́ yọ nǹkan kan lábẹ́ mọ́tò, pé àwọn ń bọ̀ kíá. Ìgbà tí wọ́n máa fi dé, wọ́n ti pín oúnjẹ tán, gíríìsì sì wà lọ́wọ́ wọn débi ìgúnpá. Ìyá Àgbà ló sọ ọ́ fún mi, kò sì fi ẹ̀rín sí i: "Gbogbo ìgbà tí ọmọ náà ń kà á, ẹnu ọ̀nà ló ń wò."

Ibi tí mo ń lọ gan-an ni ọ̀rọ̀ igi. Igi ni sípóòkù mọ́tò ìgbà náà, méjìlá nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ Òkè-Ògùn mọ ohun tó ń fojú igi rí. Bí ọyẹ́ bá ti mú, sípóòkù á gbẹ, á súnkì, ẹsẹ̀ mọ́tò á máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí ẹni pé ó fẹ́ tú. Mo wá kà á fún wọn lọ́jọ́ kan pé àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń gbé níbi tí òjò kì í ti í rọ̀ máa ń wa mọ́tò wọn wọnú odò, kí igi lè mu omi kó sì wú padà. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé ẹnu mi ló máa kó bá wa.

Ọjọ́ kejì, Bàbá wa Amẹ́ríkà gba ọ̀nà odò Ofiki, wọ́n sì wọ odò lọ ràì. Omi dé ìdajì ẹsẹ̀ mọ́tò. Wọ́n jókòó sídìí sítíárìn, wọ́n ń ka tẹ̀súbáà. Àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko rí i, wọ́n figbe ta pé mọ́tò ti kó sómi tòun ti olówó rẹ̀. Ọkùnrin méjì ti ń bọ́ṣọ láti bẹ́ sódò. Bàbá yọ orí láti ojú fèrèsé, wọ́n kí wọn kú iṣẹ́ oko, wọ́n wá ní, "Ẹ má wulẹ̀ bọ́ṣọ. Ẹsẹ̀ ló ń ṣan."

Odò yẹn ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n igi tó ń gbẹ, tó ń tutù, tó tún ń gbẹ, ó pẹ́ ni, ó yá ni, ó máa jẹrà. Lọ́dún kan, sípóòkù mẹ́ta ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́nà Ogbooro, díẹ̀ ló kù kí Amẹ́ríkà dojú dé. Ṣé ẹ rántí pé ẹ̀rù ọwọ́ òyìnbó ti kúrò lára wọn? Wọn ò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ sí ìgbẹ́ Ogbooro, wọ́n gé àyín, igi líle tí àwọn àgbẹ̀ wa fi ń ṣe ẹ̀rúkọ́. Wọ́n là á, wọ́n sì kó o sí àjà abà. Tíṣà ní kí wọ́n yáa yá a níná kó lè tètè gbẹ. Wọ́n kọ̀. Odindi ọdún méjì ni igi náà fi wà lájà, tí Bàbá ń gùn ún lọ wò bí adìyẹ tó sàba. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, wọ́n gbẹ́ méjìlá àkọ́kọ́ tán, wọ́n tò ó, wọ́n mì í, ó dún fín-ín. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Àgbà pé kó fi dáná. Sípóòkù méjìdínláàádọ́ta ni mọ́tò ń fẹ́, ẹ ṣírò iye tí wọ́n gbẹ́ kí wọ́n tó rí iye yẹn tó dára. Ìgbà tí Tíṣà bi wọ́n pé ìgbà wo gan-an ni iṣẹ́ yìí máa parí, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ìgbà tí kò bá dún mọ́."

Ó sì dé ọjọ́ tí kò dún mọ́. Mo wà níbẹ̀. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà débi pé ètè gbogbo wa ti là. Bàbá fọwọ́ mi ẹsẹ̀ mọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé etí tì í. Wọ́n wá lọ ṣe àlùwàlá, wọ́n kí raka méjì, wọ́n sì sùn títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ Ìsẹ́yìn ṣẹlẹ̀. Àwọn ará Èkó yìí kan náà, olólùfẹ́ mọ́tò àtijọ́, ń rin ìrìn àjò kiri, wọ́n sì pàtẹ ní pápá ilé ìwé kan ní Ìsẹ́yìn. Bọ̀dá Ràṣídì, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì n'Íbàdàn, ló gbọ́ nípa rẹ̀. Mo fẹ́ sọ èyí dáadáa, torí pé mi ò kọ ìwé yìí láti fi bú wọn: àwọn ló sáré gbogbo eré náà. Wọ́n gba fọ́ọ̀mù, wọ́n kọ ọ́, wọ́n pe àwọn ọ̀rẹ́ wọn láti ọ́fíìsì pé kí wọ́n wá wo mọ́tò bàbá àwọn. Mo rò pé ọ̀nà tí wọ́n gbà fẹ́ bá Bàbá ṣọ̀rẹ́ nìyẹn. Bàbá náà dúpẹ́, wọ́n rán aṣọ tuntun.

Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé, tó jẹ́ olórí àwọn ará Èkó náà, yẹ Amẹ́ríkà wò. Orí rẹ̀ wú. Ó ní oyè tó ga jù lọ wà fún mọ́tò tí gbogbo ara rẹ̀ bá ṣì jẹ́ ti ilé iṣẹ́, ó sì dà bíi pé a ti rí i. Ó gbé fọ́ọ̀mù sókè, ó kà á jáde lédè òyìnbó fún gbogbo èrò. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá fọwọ́ kàn mí, wọ́n ní, "Kí ló kà?"

Mo mọ ohun tó kà. Mo wo ojú Bọ̀dá Ràṣídì, wọ́n sì rọra mi orí fún mi pé rárá. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń parọ́ fún Bàbá. Mo túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní gbogbo ohun tó wà lára mọ́tò yìí, láti Amẹ́ríkà ló ti wá, ẹnikẹ́ni ò tún un ṣe rí."

Bàbá dìde. Wọ́n rìn lọ síwájú nínú aṣọ tuntun wọn, wọ́n sì bẹ àwọn ará Èkó náà pé kí wọ́n bá àwọn pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Wọ́n mú Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé lọ́wọ́, wọ́n mú un yípo mọ́tò, èmi ń túmọ̀ lẹ́yìn wọn fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Wọ́n ní, "Igi yìí, àyín Ogbooro ni, èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Awọ ìjókòó yìí, awọ ewúrẹ́ ni, èmi ni mo rán an. Ìdérí omi yìí, alágbẹ̀dẹ ní Ṣakí ló bá mi rọ ọ́." Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé ṣàlàyé fún wọn tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, oyè ò ní lè kan mọ́tò yìí. Bàbá ní àwọn mọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Bọ̀dá Ràṣídì ti ń wolẹ̀. Bọ̀dá Ràṣídì sún mọ́ wa, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ ò bá ti dákẹ́. Kí lẹ jèrè?" Bàbá dá wọn lóhùn: "Ràṣídì, mi ò lè jókòó kí wọ́n gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi fún ẹlòmíì."

Wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé Amẹ́ríkà padà fún wa. Bàbá kọ̀, wọ́n wà á fúnra wọn láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Láti ọjọ́ náà, Bọ̀dá Ràṣídì ò wá sílé wa mọ́. Wọ́n ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà, wọ́n ń pe ìyá mi lórí fóònù, àmọ́ wọn ò wá. Gbogbo àdúgbò sì ń pe Bàbá ní Bàbá Ràṣídì lójoojúmọ́, bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n látìgbà tí wọ́n ti bí àkọ́bí, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ. Ní Sátidé, tí a bá kàwé tán, wọ́n á bi mí pé Ràṣídì ńkọ́. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí n pe Bọ̀dá lórí fóònù. Mo rò pé Bàbá fẹ́ bẹ Bọ̀dá. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ kò ju èyí lọ: "Sọ fún un pé ilẹ̀kùn ò ní kọ́kọ́rọ́."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Bọ̀dá Ràṣídì ní àwọn gbọ́. Ìgbà tí wọ́n fi máa dé, a ti wẹ Bàbá tán, a ti fi aṣọ funfun dì wọ́n. Ó dùn mí fún Bàbá, ó sì dùn mí fún Bọ̀dá pẹ̀lú. Mo rò pé ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi fẹ́ kí Amẹ́ríkà lọ, kí ohun tí wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù ọjọ́sí lè wá di òótọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà. Tí wọ́n bá yọ igi yẹn, kí ló kù tí a máa fi ọwọ́ kàn tí a máa sọ pé bàbá wa ló ṣe é?

Mo ti dá kíkọ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó tún mú bírò. Àdúà ogójì ọjọ́ ti kọjá.

Ọkọ̀ dé ní agogo mọ́kànlá àárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé fúnra rẹ̀ ló ṣáájú. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá Àgbà, n ò lè sọ pé kò níwà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì lọ sínú abà pẹ̀lú jáàkì. Bọ̀dá Ràṣídì jókòó sórí àga láàárín agbo ilé, gbogbo ẹbí yí wọn ká. Mo kúnlẹ̀, mo na ìwé tí mo kọ sí wọn. Wọn ò gbà á.

"Ìwọ lo túmọ̀ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn," wọ́n ní. "Ojú ṣì ń tì mí títí dòní. Ṣé o tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Ẹ forí jì mí, Bọ̀dá. Mo mọ̀ pé ojú tì yín. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọwọ́ Bàbá kúrò lára rẹ̀. Ẹ bá mi fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, màá tọ́jú rẹ̀."

Ìyá mi ní kí n dìde, mi ò dìde. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ti tú ẹsẹ̀ iwájú, ó yí i bọ̀ láti abà, ó gbé e dúró níwájú wa. Ó mì í lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún mì í. Ó ní, "Ọ̀gá, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tú irú èyí o. Nínú ọyẹ́ yìí, èyí kò dún rárá. Níbo ni wọ́n ti ṣe é?" Bọ̀dá Ràṣídì na ọwọ́, wọ́n fi kan igi náà. Láyé mi, mi ò rí i kí wọ́n fọwọ́ kan Amẹ́ríkà rí. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gba orí sípóòkù kan lọ, wọ́n bọ́ sí èkejì, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi yí méjèèjìlá po.

Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé rọra fi ìwé kan lé itan wọn, pẹ̀lú bírò. Ó ní ibi tí wọ́n máa fọwọ́ sí nìyẹn, pé tí àwọn bá pààrọ̀ ẹsẹ̀ tán, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àwọn máa gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò náà. Bọ̀dá Ràṣídì kà á. Wọ́n tún un kà. Wọ́n wá nà án sí mi.

"Rùká, túmọ̀ rẹ̀ fún wa."

Gbogbo wa la mọ̀ pé Bọ̀dá Ràṣídì gbọ́ òyìnbó jù mí lọ. Ìyá Àgbà gbé orí sókè. Mo gba ìwé náà, mo túmọ̀ rẹ̀ sókè kí gbogbo ẹbí lè gbọ́: "Bí mọ́tò yìí ṣe kúrò nílé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà náà ló ṣe wà. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tún un ṣe rí."

"Irọ́ ni," Bọ̀dá Ràṣídì wí. "Èmi ni mo kọ́kọ́ pa á. Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá ẹsẹ̀ yẹn padà sáyè rẹ̀. Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ."